Bàbá Wa Lọ́yà

Ipò mẹ́ta ni bàbá tí ó bí bàbá mi wà láyé. Wọ́n ṣe ológun, wọ́n ṣe lọ́yà, wọ́n sì fi ọjọ́ alẹ́ wọn tọ́ ọmọ-ọmọ. Ti lọ́yà ni ará ìlú mọ̀ jù, nítorí pé Bàbá Lọ́yà ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n ní Abẹ́òkúta, títí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi gbàgbé orúkọ tí a sọ wọ́n. Ti ológun kò hàn sí ẹnikẹ́ni àfi àwọn díẹ̀ tí àwọn àti Bàbá jọ lọ tí wọ́n sì jọ bọ̀, ikú sì ń mú àwọn yẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti ẹ̀kẹta, àwa ọmọ-ọmọ ni a ni ín. Bí mo bá fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wéra lónìí, ohun kan náà ni mo rí pé Bàbá ń ṣe nínú gbogbo wọn: wọ́n ń wá ọ̀nà láti pe ènìyàn àti ohun gbogbo ní orúkọ tí ó jẹ́ gan-an. Iṣẹ́ yìí kò jìnnà sí iṣẹ́ àwa olùkọ́ èdè, bẹ́ẹ̀ ni kò jìnnà sí ti ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ó yẹ kí n sọ díẹ̀ nínú ìtàn wọn.

Ọdún 1921 ni a bí Bàbá. Wọ́n kàwé dé Sítáńdáàdì Mẹ́fà ní ilé-ìwé àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì, èyí tí ó tó kí ènìyàn fi ṣe akọ̀wé láyé ìgbà náà. Nígbà tí Ogun Hitler dé, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń wá ọmọkùnrin kiri fún iṣẹ́ ogun, wọ́n lọ forúkọ sílẹ̀. Bí a bá bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀, wọn a ní àwọn fẹ́ rí ayé, àwọn sì fẹ́ wọ bàtà. Nítorí pé wọ́n mọ̀wé, a fi wọ́n ṣe akọ̀wé fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan nínú Dífíṣọ̀n 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọdún 1943 ni a dá dífíṣọ̀n yìí sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Gold Coast tí ó di Gánà, ọmọ Sàró àti ọmọ Gáḿbíà ni ó kún inú rẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ni ọkọ̀ ojú omi kó wọn lọ sí ilẹ̀ Íńdíà. Nígbà tí ó di January 1944, wọ́n wọ àfonífojì odò Kaladan ní agbègbè Arakan, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Bọ́mà tí a ń pè ní Myanmar lónìí, láti bá àwọn ọmọ ogun Jàpáàn jà.

Igbó àti òkè ni ibẹ̀. Ọwọ́ ara wọn ni àwọn ọmọ ogun náà fi la ọ̀nà gba orí òkè kí wọ́n tó lè wọlé. Nígbà tí wọ́n wọlé tán, ọkọ̀ òfurufú ni ó ń ju oúnjẹ, oògùn àti ọta ìbọn sílẹ̀ fún wọn láti ojú sánmà fún oṣù púpọ̀. Dífíṣọ̀n náà wà lára àwọn tí a kọ́kọ́ bọ́ bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo ogun yẹn. Ohun tí ọkọ̀ bá jù sílẹ̀, orí ni àwọn alárù fi ń rù ú. Àmì tí ó wà ní apá aṣọ àwọn ará Dífíṣọ̀n 81 ni aláǹtakùn, ẹranko ọlọ́gbọ́n inú àlọ́ àwọn ará Gánà. Ti Dífíṣọ̀n 82 tí ó tẹ̀ lé wọn lọ ni ọ̀kọ̀ méjì tí a gbé dábùú ara wọn pẹ̀lú oṣùká alárù. Ìgbà tí Bàbá ń ká oṣùká fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kí ó fi pọnmi ni a kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n gbé oṣùká náà lé e lórí, wọ́n ní, “Ohun tí o rù yìí, àwọn kan fi ṣẹ́gun.” A rò pé àpárá ni.

Ní January 1945, dífíṣọ̀n méjèèjì gba ìlú Myohaung lọ́wọ́ àwọn ará Jàpáàn. Ní August ọdún náà, ogun parí. Bàbá padà sílé ní 1946.

Kì í ṣe pé Bàbá jókòó sọ gbogbo èyí fún wa. Láti inú ìwé ni mo ti rí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ nígbà tí mo dàgbà. Ẹni tí ó ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu jẹun ni Bàbá, ṣùgbọ́n bí ó bá kan ti ogun, ẹnu wọn a wúwo. Àwa ọmọdé kò mọ ohun tí a ń bèèrè. Ọ̀kan nínú wa a dúró níwájú wọn, a ní, “Bàbá, ẹni mélòó ni ẹ pa?” Wọn a wo onítọ̀hún lójú, wọn a ní, “Òfin kò fi dandan mú ẹlẹ́rìí láti dáhùn ìyẹn.” Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Bí a bá ń lọ sí Ìbàdàn tí ọkọ̀ wa sì gba Mọ́kọ́lá kọjá, wọn a ṣí fìlà níwájú bárékè tí ó wà níbẹ̀, wọn a sì tún un dé bí a bá ti kọjá. Letmauk ni orúkọ bárékè náà. Orúkọ ibi kan tí a ti jagun ní Bọ́mà ni, gẹ́gẹ́ bí Arakan tí ó wà ní Àpápá ti jẹ́. Àwọn tí ń ta ẹ̀pà àti ọsàn lójú ọ̀nà ibẹ̀ ń pe orúkọ náà lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n èèyàn mélòó nínú wọn ni a ti sọ fún pé ọmọ Yorùbá wà lára àwọn tí ó ṣubú níbẹ̀?

Ohun tí ó sọ Bàbá di lọ́yà wá láti inú ogun yẹn. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ológun tí ó jókòó ti rẹ́jístà kò mọ ilé ẹnikẹ́ni. Bí ọmọkùnrin kan bá dé iwájú rẹ̀, a bèèrè orúkọ rẹ̀. Bí orúkọ náà bá gùn tàbí tí ó ṣòro fún un láti pè, a kọ ìdajì rẹ̀, a sì fi orúkọ ìlú onítọ̀hún ṣe orúkọ ìdílé fún un. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ènìyàn ṣe lọ sógun pẹ̀lú orúkọ tí ìyá wọn kò gbọ́ rí. Nígbà tí Bàbá dé, wọ́n lọ kí ìyá ọ̀rẹ́ wọn kan tí kò bọ̀. Obìnrin náà ń retí owó tí ó tọ́ sí ọmọ rẹ̀. Ìwé ti dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba, ṣùgbọ́n orúkọ tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ti ọmọ rẹ̀, ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì tí ó mú un lọ kò sì gbà pé ọmọ rẹ̀ ni ẹni tí a kọ síbẹ̀. Bàbá fi ẹnu jẹ́rìí, wọn kò gbà á. Wọ́n kọ lẹ́tà, kò sí èsì. Agbẹjọ́rò kan ní Èkó ni ó wá fi ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìbúra, ó tẹ òǹtẹ̀ lù ú, láàrin oṣù díẹ̀ ọ̀nà sì là. Bàbá sọ fún mi pé ọjọ́ yẹn ni àwọn mọ̀ pé òtítọ́ nìkan kò tó. Ó ní bí a ti í sọ òtítọ́ kí ìjọba tó gbọ́ ọ.

Láyé ìgbà náà, kò sí ibi tí a ti ń kọ́ iṣẹ́ lọ́yà ní Nàìjíríà. Ọdún 1962 ni a tó dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn agbẹjọ́rò sílẹ̀ ní Èkó. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe lọ́yà, òkè òkun ni yóò lọ, bí Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a bí ní Sàró, ti lọ kí ó tó di lọ́yà àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ní 1879. Bàbá ṣe akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ rélùwéè ní Ẹ̀bútè-Mẹ́ta fún ọdún mẹ́fà, wọ́n ń tọ́jú owó, wọ́n sì ń ka ìwé òru láti gba ìwé ẹ̀rí tí yóò gbà wọ́n wọlé. Ní 1952, wọ́n wọ ọkọ̀ Aureol láti Èkó lọ sí Liverpool. Ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ń to lẹ́tà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ bí ọdún Kérésìmesì bá ń bọ̀, wọ́n sì ń kàwé nínú yàrá tí ooru kò sí. Ohun tí ó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín jù nínú ìtàn ìgbà yẹn ni pé oúnjẹ jíjẹ wà lára ẹ̀kọ́ lọ́yà: òfin àwọn ilé àgbẹjọ́rò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti Lọ́ńdọ̀nù ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ jẹ oúnjẹ alẹ́ níbẹ̀ ní iye ìgbà kan kí a tó lè pè é sí iṣẹ́ náà. Bàbá a ní, “Ìdánwò tí mo fi eyín ṣe nìyẹn.” A pè wọ́n sí iṣẹ́ ní 1956. Wọn kò dúró di ọdún kejì kí wọ́n tó padà wálé.

Mo fẹ́ sọ ti ọjọ́ kan ní kóòtù. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, a wà ní ọlidé, Bàbá sì gbà kí n jókòó sẹ́yìn. Ẹjọ́ ilẹ̀ ni. Àgbàlagbà àgbẹ̀ kan ni Bàbá ń gbẹnu sọ fún. Ó ti fi irin búra, ó sì dúró gbọnin bí igi ìrókò. Lọ́yà apá kejì ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bi í ní ìbéèrè, ògbifọ̀ ń sọ ọ́ di Yorùbá. Ó bi í pé ta ni ó kọ́kọ́ dá oko sórí ilẹ̀ náà. Àgbẹ̀ náà ní, “Bàbá mi ni.” Ògbifọ̀ sọ ọ́ fún adájọ́ pé ẹni tí ó bí i lọ́mọ ni. Lọ́yà náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó mú ìwé kan jáde tí ó fi hàn pé oko ti wà lórí ilẹ̀ yẹn kí a tó bí ẹni tí ó bí ọkùnrin yìí. Ó ní báwo ni ènìyàn ṣe ń dáko kí a tó bí i? Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Adájọ́ fajú ro, ó ń kọ nǹkan sílẹ̀. Àgbẹ̀ náà kò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ó kàn ń wo ojú wa káàkiri.

Nígbà tí ó kan Bàbá, wọ́n dìde, wọ́n tún aṣọ wọn ṣe. Wọ́n ní kí ògbifọ̀ bi í léèrè pé, “Bàbá, ta ni ẹ ń pè ní bàbá yín nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lẹ́ẹ̀kan?”

Ọkùnrin náà ní, “Bàbá mi àgbà ni mo wí. Ṣé bàbá mi kọ́ ni? Kí ni kí n máa pè é?”

Kóòtù dákẹ́. Adájọ́ fa ìlà kan nù nínú ìwé rẹ̀, ó sì kọ òmíràn.

Nígbà tí a délé, mo bú ògbifọ̀, mo ní òpùrọ́ ni. Bàbá ní rárá, kò purọ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí ó sún mọ́ èyí tí ọkùnrin náà sọ ni ó mú, ṣùgbọ́n ní kóòtù, ohun tí ó sún mọ́ òtítọ́ kì í ṣe òtítọ́. Wọ́n ní kí n sọ iye ènìyàn tí mo ń pè ní bàbá fún àwọn. Mo kà á: ẹni tí ó bí mi, Bàbá fúnra wọn, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, olórí ẹbí wa, àní bàbá tí ń ṣọ́ ilé-ìwé wa. Mo ka márùn-ún kí n tó mí. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá ti sọ ọ́ di eré lálaalẹ́. Wọn a mú gbólóhùn Yorùbá kan, a ó sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì. Ẹlòmíràn nínú wa tí kò gbọ́ ti àkọ́kọ́ a tún sọ ọ́ padà sí Yorùbá. A ó wá wo ohun tí ó sọnù lójú ọ̀nà. “Ó ti lọ” a di ọkùnrin tàbí obìnrin, bẹ́ẹ̀ Yorùbá kò sọ èyí tí ó jẹ́. “Àbúrò mi” a di ọmọ ìyá ẹni, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ ọmọ ọmọ ìyá bàbá ẹni. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní ògbufọ̀, n kò tíì rí ọ̀nà tí ó dára ju èyí lọ.

Bí a bá jà nínú ilé, Bàbá a gbé kóòtù kalẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Ẹni tí ó kéré jù nínú wa ni adájọ́. Òun ni a ó dé wíìgì Bàbá lé lórí, yóò sì bo ojú rẹ̀. Òfin kan ni kóòtù náà ní: olúkúlùkù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ro ẹjọ́ ẹni tí wọ́n jọ jà, kí onítọ̀hún sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí, kí ó tó ro tirẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá ni àgbà òṣìkà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìjà a ti parí kí a tó dé ti ẹnìkejì. Bàbá fi ọ̀nà yìí kan náà parí ẹjọ́ púpọ̀ fún àwọn oníbàárà wọn, owó tí ì bá wọlé a sì kọjá lọ. Bí ìyá wa àgbà bá ráhùn, wọn a ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́, àti pé ará ìlú kan náà ni gbogbo wa.

Lárààárọ̀ ni wọ́n ń fi oríkì jí wa, olúkúlùkù pẹ̀lú tirẹ̀, wọn kò sì ṣì í pè títí wọ́n fi di arúgbó. Nígbà tí a ń kọ orúkọ wa sínú ìwé ìdánwò, wọ́n dúró tì wá kí a má gé e kúrú, kí a sì fi àmì sí i lókè àti nísàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kò sí ẹni tí yóò wo àmì náà. Bàbá ní, “Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Bí o bá gbé ìjánu rẹ fún àlejò, ibi tí ó bá wù ú ni yóò fà ọ́ lọ.” Ẹ̀gbọ́n mi yìí ni wọ́n máa ń sọ ìtàn Stella Thomas fún, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó di lọ́yà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí a pè sí iṣẹ́ ní 1933. Lọ́yà ni ẹ̀gbọ́n mi náà lónìí.

Ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, Bàbá mú mi lọ sí abúlé kan ní ọ̀nà Ìsẹ́yìn. Wọn kò sọ ohun tí a ń lọ ṣe. A bá ìyá arúgbó kan nínú ilé. Bàbá dọ̀bálẹ̀ fún un, ẹnu yà mí, nítorí pé ọjọ́ orí wọn kò lè jìnnà síra. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ fún un pé àwọn wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kú ní Bọ́mà. Wọ́n ní kì í ṣe ìbọn, ibà ni, nínú òjò, ní alẹ́, àti pé kò dá wà. Ìyá náà dákẹ́ títí. Ó wá ní, “Ṣé ẹ sin ín?”

Bàbá ní, “A sin ín, mà. Èmi ni mo gbẹ́ ilẹ̀ náà.”

Ìyá náà pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní orúkọ. Ó pe orúkọ àbísọ, ó pe oríkì, ó ki oríkì orílẹ̀ wọn dé ibi tí ohùn rẹ̀ mọ. Bàbá yọ ìwé kékeré kan láti inú àpò agbádá. Wọ́n fa ìlà sórí orúkọ kan tí a fi yíǹkì àtijọ́ kọ, wọ́n ní kí ìyá náà tún ti àbísọ pè díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Ní gbogbo ìrìn àjò wa padà sí Abẹ́òkúta, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sọ: “Ó ti tó ogójì ọdún tí mo ti ń wá ilé yẹn.”

Orúkọ mẹ́fà ni ó wà nínú ìwé náà, ti àwọn mẹ́fà tí Bàbá rí ikú wọn. Bí ọjọ́ ìrántí àwọn ológun bá kò, Bàbá a ti ilẹ̀kùn yàrá, a ó sì máa gbọ́ ohùn wọn bí ẹni tí ń gbàdúrà. Láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, 11 November ni ọjọ́ náà. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé tí ó parí ní 15 January 1970, a gbé e lọ sí ọjọ́ yẹn. Bàbá ń ṣe méjèèjì. Ìgbà tí mo rí ìwé náà ni mo mọ̀ pé orúkọ ni wọ́n ń pè. Mo wá mọ̀ pẹ̀lú pé dídákẹ́ wọn kì í ṣe àìfẹ́ jẹ́rìí. Ẹni tí ẹ̀rí náà tọ́ sí ni wọ́n ń wá.

Bàbá kú ní 2009, ní ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún. Àwọn lọ́yà wá pẹ̀lú wíìgì àti aṣọ dúdú wọn. Ológun àtijọ́ kan tí a fi ọwọ́ mú wọlé dúró ṣánṣán níwájú pósí, ó sì kí wọn ní ìkíni ológun. Àwa ọmọ-ọmọ mọ́kànlá ni a gbé wọn dé ibojì. Ìwé kékeré yẹn kàn mí nínú ogún.

Ní Taukkyan, lẹ́bàá Rangoon tí a ń pè ní Yangon nísinsìnyí, ilé ìrántí kan wà tí a kọ orúkọ bí ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ọmọ ogun tí kò ní ibojì tí a mọ̀ sí ara òpó rẹ̀, ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì wà nínú wọn. Bí a ti kọ orúkọ wọn sínú rẹ́jístà ni a ṣe gbẹ́ ẹ sára òkúta. Nínú ìwé Bàbá, ó yàtọ̀. Orúkọ márùn-ún ni ìlà wà lórí wọn, tí orúkọ àbísọ sì wà lábẹ́ wọn. Ẹ̀kẹfà ni ọkùnrin tí àwọn ológun fi ìlú Ọ̀yọ́ ṣe orúkọ ìdílé fún. Bàbá dé Ọ̀yọ́ ní ìgbà méje nítorí rẹ̀. Èmi náà ti dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti ìgbà tí ìwé ti di tèmi, mo sì ti ń mú ọmọ mi lọ. Kò tíì sí ìlà lórí orúkọ náà. Bàbá fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó tó fún orúkọ gígùn kan pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀.